Ǹjẹ́ Alààyè Jẹ Òkú Àtijọ́ Ní Gbèsè?

Bí ènìyàn bá kú nínú ilé wa lónìí, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ohun tó yẹ ní ṣíṣe. A ó wẹ òkú náà, a ó gbẹ́ ilẹ̀, a ó sin ín, a ó sì gbàdúrà fún un. Mùsùlùmí yóò ṣe fìdáù, Kìrìsìtẹ́nì yóò ṣe ìsìn ìdúpẹ́, ẹlẹ́gúngún náà yóò ṣe tirẹ̀. Ọmọ tí kò bá ṣe é, gbogbo àdúgbò ni yóò dá a lẹ́bi. Kò sí àríyànjiyàn nínú gbèsè tí ọmọ jẹ òbí rẹ̀ tó kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà bá kú ńkọ́? Nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ náà bá kú, tí ọ̀rọ̀ di 400 tàbí 500 ọdún, tí kò sí ẹnikẹ́ni láyé mọ́ tí ó rí ojú olóògbé náà rí, ta ni ó kù tí yóò san gbèsè? Àbí gbèsè náà ti parí?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán fún àwa tí a ń gbé Òkè-Ògùn. Ilẹ̀ wa kún fún ahoro. Bí ènìyàn bá rìn láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Ṣakí dé Ìgbòho àti Kìṣí, yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ ibi tí ìlú tàbí abúlé ti wà rí, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ ju igi ọdán, igi oṣè àti àfọ́kù ìkòkò lọ. Ibi tí ènìyàn bá sì ti gbé rí, sàréè kò ní ṣàì sí níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ọkọ́ àti katakata ń kọjá lórí àwọn tí a kò mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí a wá ìdáhùn. Ìdáhùn tèmi ni pé a jẹ wọ́n ní gbèsè lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè náà kì í ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan láti ìlú Ìgbòho, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀rẹ́lópé. Nínú ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Tápà gbógun ti Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n sì lé Aláàfin Onígbogí kúrò lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Ó sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Ọmọ rẹ̀, Òfínràn, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà bọ̀ wá sílé, ṣùgbọ́n ikú pa á kí wọ́n tó rí ibi gúnlẹ̀ sí. Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ Ìgbòho. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wá sin síbẹ̀. Egúnojú ni ó tẹ Ìgbòho dó gẹ́gẹ́ bí olú ìlú, Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ jọba lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn ìtàn kan sọ pé obìnrin ni, Ajíbóyèdé sì jọba lẹ́yìn náà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni a sin sí Ìgbòho, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Igbó Ọba.

Abípa ni ó kó ààfin padà sí Ọ̀yọ́-Ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Samuel Johnson, tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá jáde ní 1921, sọ bí àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ kúrò ní Ìgbòho ṣe rán àwọn kan lọ dẹ́rù ba àwọn ìránṣẹ́ ọba lálẹ́ lórí òkè, bí ẹni pé iwin ni wọ́n, àti bí ọba ṣe rán àwọn ọdẹ lọ mú wọn. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀. Gbogbo wa ni a máa ń rẹ́rìn-ín sí ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà rò. Nígbà tí ọba kó ààfin lọ, kò kó sàréè lọ. Ọba mẹ́rin ni ó fi sílẹ̀ sọ́wọ́ àwọn tí ó kù nílé, èyí tí í ṣe àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ àwọn ọba náà rárá. Àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ òkú olókú láti ìgbà náà wá.

Ní ọdún tó kọjá, olùkọ́ ìtàn wa kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ 13 láti Ṣakí lọ wo ibẹ̀. Ohun tí a ń retí ni ilé ńlá tí a fi táìlì ṣe ilẹ̀ rẹ̀, pátákó tí a kọ orúkọ sí, àti ẹni tí yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà gba owó ìwọlé. Igbó ni a bá. Igi ńláńlá ni, àwọn ìtàkùn lọ́ mọ́ra wọn, ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ní etí igbó náà, a rí kùkùté igi tí ó dà bí ẹni pé a kò tíì gé e pẹ́, a rí ipasẹ̀ màlúù, a sì rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹnì kan mu tán tí ó jù sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wa sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa. Ó ní, “Ṣé ibi tí wọ́n sin Aláàfin sí náà nìyí? Ẹ̀yìnkùlé wa mọ́ jù báyìí lọ.”

Bàbá àgbàlagbà tí ó mú wa débẹ̀ kò bínú. Ó ní, “Ọmọ mi, bí a bá ro ibí yìí mọ́ tónítóní, kí ni yóò fi hàn pé kì í ṣe oko?”

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Àwa ọmọ ilé ìwé ti gbà pé ohun tí a bá fẹ́ràn ni a ń gbá, tí a ń kùn, tí a ń dà sìmẹ́ǹtì lé lórí, àti pé ohun tí igbó bá ti bò, a ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, igbó lè jẹ́ ìlẹ̀kùn. Igbó orò, igbó ọba, igbó egúngún: a mọ̀ọ́mọ̀ dá wọn sí ni, kí ẹlẹ́sẹ̀ lílé má baà máa gba ibẹ̀ kọjá. Igi tí a kò gé níbẹ̀ ni ògiri ibẹ̀.

Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo igbó ni a dá sí. Igbó mìíràn wà tí a kàn pa tì. Bí ènìyàn bá fi ojú lásán wò wọ́n, ọ̀kan náà ni wọ́n. Igi wà nínú méjèèjì, ìtàkùn wà nínú méjèèjì, ejò sì wà nínú méjèèjì. Ibo wá ni ìyàtọ̀ wà? Mo rí ìyàtọ̀ náà lára bàbá yẹn. Ó nawọ́ sí igi kan, ó ní a kì í ṣẹ́ igi ìdáná lórí rẹ̀. Ó fi ibi tí a lè tẹ̀ dé hàn wá, ó fi ibi tí a gbọ́dọ̀ dúró sí hàn wá. Ó ka orúkọ àwọn ọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ara rẹ̀. Igbó tí a dá sí ni igbó tí ẹnì kan wà láàyè tí ó mọ ìdí tí a fi dá a sí. Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá kú láìsọ fún ẹlòmíràn, igbó tí a pa tì ni ó dà lọ́jọ́ náà, bí a kò tilẹ̀ gé igi kan níbẹ̀. Mo bi bàbá náà pé ta ni yóò máa sọ ọ́ lẹ́yìn wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, “Àwọn ọmọ mi wà ní Ìbàdàn àti Èkó.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyí. Ohun tí a jẹ òkú àtijọ́ ni pé kí a mọ̀. Gbèsè ìmọ̀ ni. Kì í ṣe gbèsè sìmẹ́ǹtì.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọba tí a sin sí Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀. Àwọn yẹn kò kú sí ìdálẹ̀. Bàrà ni wọ́n sin wọ́n sí, ilé tí a yà sọ́tọ̀ fún òkú ọba. Ọba tuntun gbọ́dọ̀ lọ júbà níbẹ̀ kí ó tó dé adé, kò sì tún gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ tí a ó gbé òun náà lọ síbẹ̀. Ìyámọdẹ ni ó ń bójú tó ẹ̀mí àwọn ọba tó ti wàjà. Johnson kọ ọ́ pé Aláàfin, tí gbogbo ayé ń dọ̀bálẹ̀ fún, a máa kúnlẹ̀ kí obìnrin yìí, a sì máa pè é ní baba. Ìtọ́jú wo ni ó lè ju èyí lọ? Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1837, Ọ̀yọ́-Ilé tú. Àwọn ènìyàn fọ́n ká, ààfin wó, igbó gba ìlú. Lónìí, inú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1991 ni ahoro náà wà, ẹranko sì ni ó ń rìn níbi tí ẹṣin ọba ti ń rìn. Àwọn ọba tí a sin sílé, nínú ilé tí a kọ́ fún wọn, pàdánù àwọn tí ń ṣọ́ wọn. Àwọn tí a sin sí ìdálẹ̀ ní Ìgbòho, lábẹ́ igi lásán, ni ó ṣì ní ẹni tí ń ka orúkọ wọn. Kì í ṣe ilé ni ó ń tọ́jú òkú. Ènìyàn ni.

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé bí ó bá jẹ́ òkúta ni, ìbá ti yàtọ̀. Òkúta kì í jó, òkúta kì í wó, òkúta kì í kó lọ sí Èkó. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí wọ́n ti fi òkúta ṣe é. Ní orílẹ̀-èdè Gáńbíà àti Sẹ̀nẹ̀gà, lẹ́bàá odò Gáńbíà, àwọn ènìyàn àtijọ́ to òkúta yíká ibi tí wọ́n sin òkú sí. Iye irú ojú ibẹ̀ ju 1,000 lọ, ó sì tàn ká ilẹ̀ tí ó gùn tó kìlómítà 350. Yangí ni òkúta náà, irú yangí pupa tí a ń rí lójú ọ̀nà oko wa níhìn-ín. Wọ́n fi irin gbẹ́ ẹ títí ó fi rí roboto bí òpó. Òkúta 8 sí 14 ni ó máa ń wà nínú agbo kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ga tó mítà 2, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 7. Ní 2006, àjọ UNESCO fi mẹ́rin nínú àwọn ojú ibẹ̀ náà, Wassu àti Kerbatch ní Gáńbíà, Sine Ngayène àti Wanar ní Sẹ̀nẹ̀gà, sí ara ogún gbogbo àgbáyé.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tí ó gbẹ́ òkúta tọ́ọ̀nù 7, tí ó gbé e dé ojú sàréè, tí ó sì nà án ró, kò fẹ́ kí a gbàgbé ẹni tí ó sin síbẹ̀. Síbẹ̀ a ti gbàgbé. Òkúta náà ṣì dúró, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Wassu, òkúta wà, orúkọ kò sí. Ní Ìgbòho, orúkọ wà, òkúta kò sí. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan fún bàbá mi, orúkọ ni n ó mú. Yorùbá sì bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Wọn kò sọ pé yóò bá òkúta.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà pẹ̀lú mi. Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kìíní yóò sọ pé òkú kò mọ nǹkan kan. A gun orí rẹ̀ o, a kò gun orí rẹ̀ o, kò lè dùn ún. Ta ni a wá ń jẹ ní gbèsè? Èsì mi ni èyí: bí ọ̀rẹ́ rẹ bá fi ẹrù sí ọ lọ́wọ́ pé òun ń lọ sí àjò, tí ó sì kú sí àjò náà, ṣé ẹrù náà ti di tìrẹ nítorí pé kò ní mọ̀ bí o bá tà á? Gbogbo wa mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kódà, ìgbà tí kò lè mọ̀ yẹn gan-an ni a ó mọ irú ènìyàn tí o jẹ́. Ẹni tí ó lè jẹ wá níyà, ẹ̀rù ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tí ó lè fún wa ní nǹkan, ojúkòkòrò lè wà nínú ọ̀wọ̀ tí a ń fún un. Òkú àtijọ́ kò lè ṣe èkíní, kò lè ṣe èkejì. Bí a bá yà fún un, ìwà wa nìkan ni ó mú wa yà. Òun náà jẹ́ ẹrù tí àwọn tó sin ín fi sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí yóò gbé lórí ilẹ̀ náà lẹ́yìn wọn.

Àwọn kejì yóò sọ pé ìbọ̀rìṣà ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi kọ̀ láti bá wa lọ sí Ìgbòho nítorí èyí, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí wọ́n fi tọ́ èmi náà dàgbà, a kì í kọ́ ilé sórí sàréè, a kì í sì í tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ òkú. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ jókòó lé sàréè. Wọ́n sì kọ́ wa pé bí a bá dé itẹ́ òkú, kí a sálámà sí àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó kí ènìyàn kò tíì sìn ín. Ẹni tí ó mọ ibi tí òkú wà tí kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò tíì bọ ọ́.

Àwọn kẹta ni ọ̀rọ̀ wọn le jù, nítorí pé ebi wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ wà fún alààyè. Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé wa rí. Oko bàbá wa àgbà wà ní ahoro abúlé kan tí àwọn ẹbí wa ti kúrò tipẹ́. Lábẹ́ igi ọdán kan níbẹ̀, òkìtì kékeré márùn-ún wà, koríko sì ti bò wọ́n. Bàbá mi kékeré fẹ́ fi katakata ro ibẹ̀ kí ó fi gbin ẹ̀gẹ́. Iná owó ọgbà ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń jó o lábẹ́ ìdí, n kò sì lè sọ pé kò ní ìdí. Wọ́n lọ pe Ìyá àgbà kí wọ́n wá fi sàréè hàn wọ́n. Ìyá àgbà dárúkọ mẹ́ta. Ẹkẹrin, wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan ni tí ó wá láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ó máa ń kọrin bí ó bá ń kọ ebè. Wọ́n rántí orin, wọn kò rántí orúkọ. Ẹkarùn-ún, wọn kò mọ̀ ọ́n rárá.

Bàbá mi kékeré ní, “Ó dára, Ìyá. A ó yà fún àwọn mẹ́ta tí ẹ mọ̀. Ṣé nítorí ẹni tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ ni mo máa ṣe fi ilẹ̀ sílẹ̀?”

Ìyá àgbà ní, “Ṣé o mọ̀ pé ènìyàn ni?”

Ó ní, “Mo mọ̀.”

Wọ́n ní, “Ó tó bẹ́ẹ̀.”

Katakata yà fún márààrún. Bí a bá wọn ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ náà, kò ju ilẹ̀ tí ènìyàn lè kọ ogún ebè sí lọ. N kò sọ pé ogún ebè kò jẹ́ nǹkan kan fún ẹni tí ó ń wá owó ilé ìwé. Ohun tí mo ń sọ ni pé òkú kì í béèrè ilẹ̀ púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé ebi ni ó mú wa gun orí wọn. Àìmọ̀ ni. Ẹni tó ń wa katakata kò ní ìkà nínú; kò sí ẹni tí ó sọ fún un ni.

Ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà yẹn tún kọ́ mi ní nǹkan kan nípa ìmọ̀ tí mo ń sọ. Mo ti sọ pé orúkọ ni n ó mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkú ni orúkọ rẹ̀ lè pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú egungun ènìyàn kan nínú ihò àpáta Ìwó Elérú ní ìtòsí Ìsàrún, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni náà ti wà nílẹ̀ fún ohun tó ju 11,000 ọdún lọ. Kò sí ahọ́n tí ó lè gbé orúkọ dé ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ni ó gbẹ́ ilẹ̀ fún un, a sì mọ̀ pé ènìyàn ni. Ìpìlẹ̀ gbèsè náà nìyẹn: kí a mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Bí orúkọ bá wà, kí a fi kún un. Bí ìtàn bá wà, kí a fi kún un.

Bí a bá sì ń sọ ìtàn, kí ó jẹ́ òtítọ́. Ibí yìí ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó rò pé ọ̀wọ̀ fún òkú ni kí a máa yìn ín. Ní àsìkò kan nínú ìtàn Ọ̀yọ́, bí Aláàfin bá wàjà, àwọn kan gbọ́dọ̀ bá a kú. Àrẹ̀mọ, ọmọ ọba àgbà, wà lára wọn. Aláàfin Àtìbà ni ó fòpin sí ti Àrẹ̀mọ. Nígbà tí ó wàjà ní 1859, Adélù ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́. Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀, ó ní ìyẹn lòdì sí àṣà, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó fa ogun Ìjàyè. A mọ orúkọ àwọn ọba. Àwọn ìránṣẹ́ àti ẹrú tó bá wọn kú ńkọ́? Ta ni ń ka orúkọ tiwọn? Bí ó bá jẹ́ pé ìyìn ni a jẹ òkú, a ó san án fún ọba, a ó sì jẹ ẹrú náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ ni a jẹ òkú, a ó sọ ti ọba, a ó sọ ti ẹni tí wọ́n pa nítorí ọba, a kò sì ní fi ọ̀kan bo èkejì. Ẹni tí kò ní orúkọ yìí gan-an ni gbèsè rẹ̀ tóbi jù lọ́rùn wa, nítorí pé kò sí ẹni tí ó bá a san nínú rẹ̀ rí.

Kí ni a wá lè ṣe? N kò bẹ ìjọba kí ó wá kọ́ ilé sí gbogbo ahoro Òkè-Ògùn. Ohun tí mo ní lọ́kàn kò náwó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé àjákọ kan, kí ó lọ bá àgbà kan nílé rẹ̀, kí ó béèrè pé: níbo ni a ti ṣí wá? Ta ni a sin síbẹ̀? Igi wo ni a fi ń mọ ibẹ̀? Kí àwọn olùkọ́ jẹ́ kí á kó ohun tí a bá gbọ́ jọ sínú ìwé kan ní ilé ìwé, kí ẹni tó bá fẹ́ ro oko lè wá wò ó. Johnson kò rí Ìgbòho ayé Egúnojú. Ẹnu àwọn àgbà ni ó ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí ó kọ. Nígbà tí Robert Smith kọ̀wé nípa àwọn Aláàfin Ìgbòho ní 1965, òun náà lọ bá àwọn àgbà. Bí àwọn àgbà ìgbà náà bá ti kú kí wọ́n tó béèrè, kí ni à bá máa kà lónìí? Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró kí a tó béèrè. Bí ẹ bá ń mú wa lọ sí oko, ẹ nawọ́ síbẹ̀, ẹ sọ fún wa. Àwọn ọmọ tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó náà ní fóònù. Orúkọ mẹ́rin kò pọ̀ jù láti fi ránṣẹ́ sí wọn.

Gbogbo wa ni a ó di òkú àtijọ́ lọ́jọ́ kan. Ọmọ wa yóò sunkún wa, ọmọ ọmọ wa yóò rántí wa díẹ̀, lẹ́yìn náà ilẹ̀ tí a wà yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò bá wa tan. N kò lè sọ pé kí ẹni náà mọ̀ mí. N kò lè sọ pé kí ó pa koríko orí mi. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí ó yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ó bá débẹ̀, kí ó sì sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pé, “Rọra o, ènìyàn ló wà níbẹ̀ yẹn.” Bí mo bá fẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ mí ṣe èyí fún mi, ẹ̀tọ́ wo ni mo ní láti má ṣe é fún ẹni tí ó wà lábẹ́ igi ọdán oko wa lónìí?